Nọ́ńbà Kẹrìnlá Nínú Ìwé Ọgbà Wa

Àkọ́bí mi, adé orí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀rọ tó ń gbé yín lọ sókè níbi iṣẹ́ yẹn ò tíì há mọ́ yín nínú? Àdúrà tí mò ń gbà fún ọ láràárọ̀ ni pé bó bá ti ń gbé ọ gòkè, kó máa gbé ọ sọ̀ kalẹ̀ ní àlàáfíà. Ibi tí ire bá wà ni ẹsẹ̀ rẹ á máa gbà, ẹni tó yẹ kó ràn ọ́ lọ́wọ́ ò ní sùn gbàgbé. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún àwọn ti sàn, ṣùgbọ́n irọ́ ni, mò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ògiri ni wọ́n ń dì mú rìn.

Mo mọ̀ pé o máa sọ pé kí ló dé tí Màámi ò fi pè mí lórí fóònù. Mo pè ọ́ ṣáà. Kí n tó kí ọ tán, kí n tó béèrè ohun tí o jẹ, owó inú fóònù ti tán, ìròyìn tó wà lẹ́nu mi yìí kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń gé kélekèle. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú báírò. Wá ibi jókòó sí kí o tó kà á. Ọgbà wa fẹ́ gba kọ́ńpìnnì.

Bẹ́ẹ̀ ni o, kọ́ńpìnnì gidi, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn láyé yìí ni kí wọ́n máa bá àwọn onílé bójú tó ọgbà wọn. Èmi ò mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Wọ́n á bá yín ṣọ́ géètì, wọ́n á bá yín tún ẹ̀rọ omi ṣe, wọ́n á bá yín kó gọ́tà, wọ́n á tún bá yín bínú sí aládùúgbò tí kò bá ṣe ohun tó yẹ, ẹ̀yin á kàn jókòó, ẹ ó máa na ẹsẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo ní áà, ẹ̀yin ará ìlú ńlá ti ń jẹ irú ayé yìí tipẹ́, ẹ ò sì ta wá lólobó.

O ṣáà mọ bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ pákó ti kógbá sílé, tí wọ́n ta ilé mọ́kàndínlógún tí wọ́n kọ́ fún òṣìṣẹ́ fún àwa tí à ń gbé inú wọn, àwa fúnra wa là ń ṣe ìjọba ara wa. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi ń yí láti ojúlé dé ojúlé, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa tan ẹ̀rọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òun náà ló máa gbá abẹ́ àtíbàbà ìpàdé. Alága wa, hẹ́dímáásítà tó kọ́ ọ ní ìṣirò, ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin la bá wọn fa ìwé náà ya. Èmi ni akọ̀wé nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn náà ló sì kó bá mi, torí ìpàdé tí a bá ní kó gba wákàtí kan, mẹ́fà ló máa gbà, mẹ́rin nínú rẹ̀ á sì jẹ́ ti àkàbà.

O rántí àkàbà náà. Ẹyọ kan ṣoṣo tí gbogbo wa dáwó rà. Bírìkìlà tó wà ní ojúlé kẹrin ní òun lòun ń tún un ṣe tó bá kán, ilé òun ló yẹ kó máa sùn. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà ní ojúlé keje ní òun lòun kọ́kọ́ dá a lábàá kí a rà á, ọ̀dọ̀ òun ló yẹ kó máa sùn. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀. Inú òjò ni àkàbà ń sùn.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ dé góńgó ni pé Bírìkìlà lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní ìlú míì, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ilé mọ́kàndínlógún, a ò rí ẹ̀kán omi. Mo fi omi tí mo fi ṣan ìrẹsì fọ abọ́, mo fi omi tí mo fi fọ abọ́ fọ ilẹ̀, bàbá rẹ ní kí n má tíì da ìyẹn náà nù. Nígbà tó dé, ó ní òun rí kọ́kọ́rọ́ náà níbi ìgbéyàwó ọ̀hún, òun rò pé ti àpótí ìyàwó òun ni. Alága bá dìde lábẹ́ àtíbàbà. Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní kọ́ńpìnnì kan wà tó ń bójú tó ọgbà tí àna àwọn ń gbé, àna àwọn ò mọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀ kan ṣoṣo, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ọmọ mi, a pàtẹ́wọ́. Èmi pàtẹ́wọ́ títí òrùka mi fi bọ́ sílẹ̀.

Èmi akọ̀wé ni wọ́n ní kí n pè wọ́n. Obìnrin kan ló gbé e. Mi ò tíì rí ọmọ tí wọ́n kọ́ níwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò tíì kí i tán tó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo pè. Ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn gan-an. Mo wo bàbá rẹ lójú, ọdún mẹ́tàlélógójì tí a ti jọ wà, wọn ò sọ irú ẹ̀ fún mi rí. Obìnrin náà ní kí n jọ̀wọ́ dúró díẹ̀, ó sì fi orin sí i fún mi kí ara má baà ni mí. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo pe bàbá rẹ, àwa méjèèjì jókòó, à ń mi orí. Bí orin ṣe parí ló tún padà wá, ó tún ní ìpè mi ṣe pàtàkì, kò kánjú, kò kanra, ohùn kan náà. Mo béèrè bóyá ó ti lọ́kọ. Kò dá mi lóhùn, mo sì mọ̀ pé ojú ló ń tì í. Bí o bá mọ ọmọlúàbí kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ń wá ìyàwó, nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn orin kẹta ni ọkùnrin kan wá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Ó sì wá lóòótọ́. Onítáì là ń pè é báyìí, torí òòrùn ọjọ́ náà mú débi pé adìyẹ ò lè jáde, ṣùgbọ́n kò tú táì rẹ̀. Ó gbé fóònù kan dání tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun, ó fi ń ya gbogbo nǹkan. Ó ya géètì, ó ya gọ́tà, ó ya igi. Nígbà tó fẹ́ ya ẹ̀rọ omi, bàbá rẹ ti lọ dé fìlà, wọ́n dúró tì í, ọwọ́ wọn wà lórí ẹ̀rọ. Onítáì rọ̀ wọ́n kí wọ́n yẹra díẹ̀. Wọ́n ní tí àwọn bá yẹra, báwo ni wọ́n á ṣe mọ ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ń gbá a kó tó ṣiṣẹ́.

Onítáì ní kí a dán àwọn wò fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó dìbò. Ọ̀sẹ̀ méjì náà dùn bí oyin, mi ò purọ́. Omi ń dé lásìkò. Wọ́n gbá gọ́tà, a rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé àkàbà wọ inú ilé ìkóǹkansí, wọ́n tì í. Wọ́n tún kọ lẹ́tà sí mi, èmi nìkan nínú gbogbo ọgbà, lórí bébà tó le. Wọ́n ní àwọn ti ṣàkíyèsí aṣọ mi tí mo sá sórí ògiri ọgbà, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ sínú lẹ́tà, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, ìró mi aláwọ̀ ewé yẹn ló kọ́kọ́ yọ. Wọ́n ní kí n fèsì láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọjọ́ kejì ni mo ti fèsì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní ọṣẹ tí mò ń lò kì í ṣe ọṣẹ olówó ńlá, pé bí a ṣe ń lò ó ni. Mo ti lẹ lẹ́tà wọn mọ́ ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbà tí o jáde ilé ìwé. Ìyá Oníbúrẹ́dì wá kà á, ó ní á dáa. Ìlara.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí, fara balẹ̀ kà á. Ṣáájú kí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn tó pé, Onítáì fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, ó ní kí ẹgbẹ́ onílé kọ gbogbo ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa sí i, kí àwọn lè mọ ohun tí àwọn fẹ́ gbà. Mi ò fẹ́ ṣe àṣìṣe, ni mo bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni a ń pè ní ti gbogbo wa. Ó ní ohunkóhun tí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, tí gbogbo yín jọ ń tọ́jú. Mo ní ó yé mi. Mo pe ìpàdé, mo ka ìtumọ̀ náà fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ẹ̀rọ omi, táǹkì, géètì, ògiri, gọ́tà, àkàbà, bárò, àtíbàbà, bẹ́ǹṣì, iná orí òpó, igi ńlá, agogo ìpàdé, nọ́ńbà kẹtàlá ni yàrá ẹnu géètì. Bí mo ṣe fẹ́ kọ ààtàn tẹ̀ lé e, Ìyá Oníbúrẹ́dì na ọwọ́ sókè, ó ní Bàbá Aláago ńkọ́.

O mọ Bàbá Aláago. Àwọn ló ń tọ́jú aago ńlá ilé iṣẹ́ pákó nígbà náà, èyí tí wọ́n fi ń mọ ìgbà tí òṣìṣẹ́ ń wọlé àti ìgbà tí wọ́n ń jáde. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kógbá sílé, tí onígbá gbé igbá tí aláwo gbé àwo, àwọn ò ní ibi tí wọ́n ń lọ. Wọn ò láya, wọn ò bímọ, ẹbí kankan ò béèrè wọn rí. Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn wọ yàrá ẹnu géètì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé tí wọ́n ń tún aago ọwọ́ ṣe láti ìgbà náà. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀ tó máa gbé oúnjẹ fún wọn, tó bá yí ká ojúlé mọ́kàndínlógún, á tún bẹ̀rẹ̀. Bírìkìlà ló ń tún òrùlé wọn ṣe. Bàbá rẹ ló ń fá orí fún wọn. Èmi ni mò ń fọ aṣọ wọn, ó wà lára èyí tí kọ́ńpìnnì yà. Ta ló ni wọ́n? Kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo wa la jọ ń tọ́jú wọn. Gbogbo ìpàdé ní òótọ́ ni, báwo la ṣe fẹ́ gbàgbé. Mo kọ wọ́n sí nọ́ńbà kẹrìnlá.

Fọ́ọ̀mù náà ní ojú mẹ́rin, mo sì fi òtítọ́ kún un. Orúkọ nǹkan: Bàbá Aláago. Ibi tó wà: yàrá ẹnu géètì. Bó ṣe rí: wọ́n ti dàgbà, orúnkún ọ̀tún ò dára, ojú wọn ṣì ríran wo aago, wọ́n ń jẹun dáadáa. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀: gbogbo wa. Ààtàn ni nọ́ńbà kẹẹ̀ẹ́dógún. Nọ́ńbà kẹrìndínlógún ni ìjà tó wà láàárín Bírìkìlà àti Ìyá Oníbúrẹ́dì lórí àkàbà. Bó ṣe rí: ó ń lọ déédéé. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀: àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ tí Onítáì wá lẹ bébà nọ́ńbà mọ́ àwọn nǹkan náà, gbogbo ọgbà jáde. Bébà pupa kékeré báyìí, ó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, nọ́ńbà wà lójú rẹ̀. Ó lẹ ọ̀kan mọ́ ẹ̀rọ omi, ó lẹ ọ̀kan mọ́ táǹkì, à ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ìgbà tí à ń sin ìyàwó. Èmi ò mọ̀ pé ẹnì kan ti múra ju gbogbo wa lọ. Bàbá Aláago ti wẹ̀ láti ìdájí. Wọ́n wọ aṣọ funfun tí wọ́n ń gbé pamọ́, wọ́n gbé àga síta, wọ́n jókòó síwájú yàrá wọn, ọwọ́ lórí orúnkún, wọ́n ń dúró. Onítáì dé ibẹ̀, ó kí wọn dáadáa, ó lẹ nọ́ńbà kẹtàlá mọ́ ilẹ̀kùn yàrá, ó yí ẹ̀yìn padà, ó kọjá lọ síbi ààtàn.

Bàbá Aláago pè é padà. Ohùn wọn ò le. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o fò mí."

Onítáì rò pé owó ni wọ́n ń tọrọ, ó ti ọwọ́ bọ àpò. Wọ́n ní rárá o, pé lẹ́yìn mẹ́tàlá, kí ló kàn? Ó ní mẹ́rìnlá. Wọ́n ní àwọn ni mẹ́rìnlá, Akọ̀wé ti kọ àwọn. Onítáì wo fóònù rẹ̀, ó wò mí, ó ní òun rò pé àṣìṣe báírò ni, òun ti yọ ọ́ kúrò. Mo ní báírò mi kì í ṣe àṣìṣe. Ó wá fi sùúrù ṣàlàyé pé èèyàn kì í ṣe nǹkan, pé iṣẹ́ àwọn ò kan èèyàn, pé kódà, ó wà nínú ìwé àdéhùn, yàrá nọ́ńbà kẹtàlá yẹn gbọ́dọ̀ ṣófo kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀, torí ọlọ́dẹ tó ń wọ yúnífọ́ọ̀mù wọn ló máa máa jókòó síbẹ̀.

Ọmọ mi o! Mo ti ń pàtẹ́wọ́ láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi ò mọ ibi tó máa wà. Bàbá Aláago nìkan ló sọ̀rọ̀. Wọ́n yọ aago inú àpò wọn jáde, wọ́n ṣí i, wọ́n béèrè pẹ̀lú sùúrù pé aago mélòó ni kí àwọn jáde.

Mo sáré wọlé, mo pe obìnrin inú fóònù yẹn, torí mo ti rí i pé òun ni àgbà nínú wọn, mo ní kí n fi ẹjọ́ Onítáì sùn ún. Ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì. Ó ní wọ́n lè gba ohùn mi sílẹ̀, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, akọ̀wé bíi tèmi ni. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí aago ilé iṣẹ́ pákó dé orí aṣọ funfun. Ó fi orin sí i. Orin kan náà ni. Mo dúró títí owó inú fóònù fi tán. Ẹni tí ìpè mi ṣe pàtàkì sí tó bẹ́ẹ̀, títí di òní kò béèrè orúkọ mi.

Ìyẹn ló mú kí ìpàdé ìdìbò gbóná. Bírìkìlà dìde, ó ní ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, ó ní omi ọjọ́ mẹ́ta tí òun fi jẹ wá níyà, kí a foríjì òun, ṣùgbọ́n òun ò ní lẹ nọ́ńbà mọ́ yàrá kí òun lé ẹni tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ìyá Oníbúrẹ́dì dìde, ó ní òun fara mọ́ ohun tí Bírìkìlà sọ. Mo ní kó tún un sọ kí n lè kọ ọ́ dáadáa, torí irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láti ọdún mọ́kànlá. Mo ti rò pé ó parí, àfi ìgbà tí Alága dìde. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní bí a bá dàgbà, à á yé ogun-ún jà. Wọ́n ní, "Ẹ wo ara yín. Ẹni tó kéré jù nínú wa ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Lónìí à ń gbé oúnjẹ fún Bàbá Aláago. Lọ́la, ta ló máa gbé e fún àwa? Àwọn ọmọ wa ti lọ." Èmi náà ò lè purọ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ mí lára.

A na ọwọ́ sókè. Mẹ́sàn-án ní kí kọ́ńpìnnì wá. Mẹ́sàn-án ní kí a máa ṣe é fúnra wa. Ojúlé tiwa, kẹtàdínlógún, ló kù. Bàbá rẹ ti ń na ọwọ́ bọ̀, Onítáì ní kí wọ́n dúró ná, ó wo ìwé ilé. Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀. O lè má rántí, ọmọ kékeré ni ọ́ nígbà tí wọ́n ń ta ilé náà, bàbá rẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó máa pẹ́ láyé jù. Onítáì ní ìwọ nìkan lo lè dìbò ojúlé kẹtàdínlógún. Ó sì fún wa di ìparí oṣù.

Ọmọ mi, ìwọ lo kù. Ọ̀rọ̀ ọgbà, ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ yàrá Bàbá Aláago, ọwọ́ rẹ ni gbogbo rẹ̀ wà. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn èèyàn, orí mi wú.

Onítáì kì í ṣe èèyàn burúkú o. Nígbà tó ń lọ, ó yọ bébà kẹrìnlá láti inú àpò rẹ̀, ó fi lé Bàbá Aláago lọ́wọ́, ó ní kò sí nínú òfin, kí wọ́n má sọ pé òun ló fún àwọn. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú fìlà. Wọn ò bọ́ fìlà náà mọ́, bàbá rẹ ò tíì rí ààyè fá orí wọn láti ọjọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wá bá mi, ó ní ta ló kọ òun. Mo ní kọ ọ́ síbo? Ó ní ta ló kọ òun sínú ìwé, àbí òun kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ni. Bírìkìlà náà dé. Alága náà dé, àwọn tí wọ́n fẹ́ kọ́ńpìnnì o, wọ́n ní àwọn kàn ń kọjá ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti ṣí ojú ìwé tuntun, mo ń kọ gbogbo ọgbà láti nọ́ńbà kẹtàdínlógún lọ. Bó ṣe rí: ẹ̀yìn ń dùn ún. Bó ṣe rí: ó máa ń gbàgbé iná sórí ààrò, kí ojúlé kẹjọ máa yọjú. A rẹ́rìn-ín títí bàbá rẹ fi jókòó sílẹ̀. Mi ò rántí ìgbà tí inú ọgbà dùn tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Mo sì kọ ìwọ náà, nọ́ńbà karùndínlógójì. Orúkọ: àkọ́bí wa, onílé kẹtàdínlógún. Ibi tó wà: ìlú ńlá, ilé alájà mọ́kànlá. Bó ṣe rí: a ò mọ̀, ó ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin tí a ti rí i kẹ́yìn. Mo dé ibi ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, mo gbé báírò sókè, mi ò mọ ẹni tí mo máa kọ. Ó ṣì ṣófo báyìí.

Nípa ti owó, a nílò rẹ̀, mi ò ní purọ́. Orúnkún bàbá rẹ ń fẹ́ òróró ìpara tó dáa, fóònù mi ń fẹ́ owó, ìró mi tó jáde nínú fọ́tò yẹn ti ń gbó. Ṣùgbọ́n má fi owó kankan ránṣẹ́. Owó tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, fi wọ mọ́tò. Onítáì ní o lè dìbò níbi tó o wà, kí o kàn fọwọ́ tẹ fóònù rẹ, ó ti parí. Mo sọ fún un pé fóònù rẹ já sómi. Ọlọ́run á dárí jì mí. Fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì níbí, mo fi àwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án títí o fi máa dé. Bí o bá dé tí o bá rí gbogbo wa tán, tó o bá ní kí kọ́ńpìnnì wá, màá fara mọ́ ọn, màá sì wá àyè fún Bàbá Aláago nínú yàrá rẹ. Ṣùgbọ́n wá wò wá kí o tó dìbò.

Kí ọ̀nà tó o bá gbà wá mọ ẹsẹ̀ rẹ, kí mọ́tò tó o bá wọ̀ gbọ́ràn sí awakọ̀ rẹ̀ lẹ́nu, kí ilé tó o kúrò níbẹ̀ má gbàgbé ohùn rẹ, kí ọwọ́ rẹ tó ń ṣiṣẹ́ máa bá ire pàdé. Bàbá rẹ ti ṣe àmín, mo gbọ́ ọ láti ìta.

Bàbá Aláago ní kí n béèrè aago mélòó lo máa dé. Wọ́n ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méje lo jáde ní géètì láàárọ̀ ọjọ́ tó o lọ, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn, ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìgbà tó o bá wọlé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Akọ̀wé ọgbà.